Àwọn Tí Olùgbọ́ Dá Padà Sílé

Nígbà tí Sájẹ́ǹtì Bọ́látitó máa fi dé yàrá kẹtàdínlógún, ẹ̀rọ ti ń ká ibùsùn Láníhùn.

Apá irin méjì ló yọ jáde láti inú ògiri. Wọ́n ń ká tìmùtìmù náà bí ẹni ń ká ẹní, wọ́n sì ń fi omi olóòórùn nu ibi tí orí Láníhùn máa ń wà. Àpótí irin tó wà ní ẹsẹ̀ ibùsùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Ife tíì gbígbóná méjì ló wà lọ́wọ́ Bọ́látitó. Lánàá ló ti ṣèlérí fún Láníhùn pé àwọn á jọ mu tíì kí àwọn tó gun orí odi.

"Kọ́pùrà Láníhùn dà?" ló bi ẹ̀rọ.

Ohùn kan dáhùn láti inú ògiri, ohùn obìnrin, ó tutù bí omi àmù. "Kò sí ọmọ-ogun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní bárékè yìí."

"Mo ní Láníhùn Mafimisẹ̀bi, ti Ilẹ̀kùn Kẹta. Ọdún márùn-ún ló ti ń sùn lórí ibùsùn tí o ń ká yẹn."

"Kò sí ọmọ-ogun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn."

Bọ́látitó dúró síbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí ọ̀tún rẹ̀, níbi tí Olùgbọ́ tirẹ̀ wà. Ohun náà kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ-ogun Odi Òkun kan tí wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára. Olùgbọ́ ní í ka bí ọkàn ṣe ń lù, òun ní í mọ ẹni tó ń sunkún lójú oorun. Bí ayé bá sú ọmọ-ogun, ìka ló máa fi tẹ̀ ẹ́, á ní, "Gbọ́ mi," Olùgbọ́ á sì dáhùn pé, "Mo ń gbọ́. O ò dá wà." Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, àwọn ọ̀gá ológun búra níwájú gbogbo wọn. Wọ́n tilẹ̀ fín ìbúra náà sára ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ: Ọ̀rọ̀ tó bá wọ inú Olùgbọ́ kò ní jáde.

Bọ́látitó gba ìbúra yẹn gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ló sì mú Láníhùn lọ bá a.

Ìrọ̀lẹ́ àná ni. Àwọn méjèèjì jókòó lórí odi, òkun ń bú ramúramù nísàlẹ̀, oòrùn ń wọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí omi òkun ga débi tó fi kan ilà pupa ara odi. Òfin Odi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ di mímọ̀: bí omi bá ti kan ilà pupa, ilẹ̀kùn odi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ tì, ẹni tó bá wà níta, ìta ló máa wà. Òfin mìíràn sì wà lórí rẹ̀, pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ pa èèyàn, nítorí náà ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ tẹ ohun tó ń ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Láníhùn ni. Ọkọ̀ apẹja méjì wà níta.

"Sájẹ́ǹtì," Láníhùn ti sọ, "ó ti sú mi."

"Kí ló sú ọ?"

"Kí n máa jí ní àárọ̀."

Ẹ̀rù ba Bọ́látitó. Ó ní kó sọ ọ́ fún Olùgbọ́. Láníhùn mi orí, ó ní, "Wọ́n á gba kákí mi. Kákí yìí nìkan ló kù mí kù."

"Ta ló ti gba kákí ẹnikẹ́ni rí? Mo fi orí ìyá mi búra fún ọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ rẹ máa parí sí."

Ìgbà tó gbọ́ orí ìyá ló tó fi ìka tẹ Olùgbọ́ rẹ̀. Ó sọ tẹnu rẹ̀. Ó sọ ti àwọn ọkọ̀ méjèèjì, ó sọ ti ìyá rẹ̀ tó kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn tí wọn ò jẹ́ kó lọ sin, ó sọ pé òun ń ronú láti pa ara òun. Olùgbọ́ ní òun ń gbọ́. Láníhùn sunkún títí tí imú rẹ̀ fi dí, lẹ́yìn náà ó lọ sùn. Bọ́látitó náà lọ sùn, ó sì sùn dáadáa, bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere.

Bọ́látitó gbé ife méjèèjì sínú àpótí òfìfo yẹn, ó kọrí sí ọ́fíìsì Méjọ̀ Ajíṣefínní.

Lójú ọ̀nà, ó kọjá níwájú pátákó ńlá tó ń tan iná. Bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ náà ló rí: ỌDÚN MẸ́RIN ÀTI OṢÙ MÉJÌ. ỌMỌ-OGUN KANKAN KÒ PA ARA RẸ̀. Àárọ̀ gbogbo ni Bọ́látitó máa ń wò ó tí orí rẹ̀ á wú. Ó gbà pé ọwọ́ òun wà nínú rẹ̀.

Méjọ̀ Ajíṣefínní, obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun tán, ń bu omi sí ata tó gbìn sínú agolo lójú fèrèsé. Kò yíjú padà.

"Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀. Láníhùn dà?"

"Ó ti lọ sílé."

"Ta ló ní kó lọ?"

"Òfin Kejìlélógún." Méjọ̀ gbé ike omi sílẹ̀. "Ẹni tí Olùgbọ́ bá gbọ́ ikú lẹ́nu rẹ̀, kó tó di wákàtí méjìlá, kì í ṣe ọmọ-ogun mọ́. Ọkọ̀ gbé e ní ìdájí."

"Èmi ò gbọ́ òfin yẹn rí."

"Wọn kì í kà á fún àwọn sájẹ́ǹtì."

Bọ́látitó di ẹ̀yìn àga mú. "Wọ́n sọ fún wa pé dókítà ló ń rí wọn. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú kan wà ní òkè, pé wọ́n ń sinmi níbẹ̀ ni."

"Dókítà ìlú á rí i. Kò sí lọ́wọ́ wa mọ́."

"Ta lẹ fà á lé lọ́wọ́?"

Méjọ̀ yí ojú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì sí i. Orúkọ Láníhùn wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ nínú kákí ti di aláwọ̀ eérú. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: A ti fà á lé ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá.

"Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀gá."

Méjọ̀ tún nawọ́ sí ike omi.

"Ó sọ ọ́ fún Olùgbọ́ lánàá. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹ wá ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́ pé kò ní ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, Bọ́látitó."

"Àwọn mẹ́fà tí mo mú lọ bá a ṣáájú ńkọ́?" Ó nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ náà. "Ẹ ṣí tiwọn."

"Má béèrè ohun tí o ò ní lè gbé."

"Ẹ ṣí i, ọ̀gá."

Méjọ̀ ṣí i. Orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò tẹ̀lé ara wọn: Jọláadé, tó máa ń gé irun fún gbogbo ẹ̀ka láìgba kọ́bọ̀; Àṣàkẹ́; Bánkárere; Fìjàbí; Olúgbọ́dí; Ọláìtán. Àmì róbótó dúdú kan wà níwájú Jọláadé, ọ̀kan wà níwájú Bánkárere, ọ̀kan wà níwájú Olúgbọ́dí.

"Kí ni àmì yìí?"

"Wọn ò sí mọ́."

"Wọn ò sí mọ́ báwo?"

Méjọ̀ wo ilẹ̀. "Wọn kì í ṣe ọmọ-ogun nígbà tó ṣẹlẹ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni pátákó ìta yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Bọ́látitó. Àwọn ọmọ-ogun ò dẹ́kun pípa ara wọn. Wọ́n kàn ń bọ́ kákí lọ́rùn wọn ṣáájú ni, wọ́n ń gbé wọn jù sínú ọkọ̀, kí ikú wọn lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Òun sì ni ajá tó ń lé wọn wá sínú àwọ̀n. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Kò mọ̀ pé èèyàn lè jẹ́ aṣeni láìmọ̀, kí wọ́n sì máa yìn ín fún un.

"Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó ṣe èyí," ló sọ, omi ti gba ojú rẹ̀. "Ì bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ṣe é, ọ̀gá, kì í ṣe ẹ̀yin. Nígbà tí omi gbé ọkọ mi lọ, tí n kò fẹ́ wà láyé mọ́, kò sí Olùgbọ́ nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ wá gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Ẹ tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà mi, ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi sùn síbẹ̀. Ẹ ò sọ fún mi pé kí n má sunkún. Ẹ kàn jókòó ni. Ṣé ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń fọwọ́ sí irú èyí?"

"Ìwọ nìkan ni nígbà yẹn!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Méjọ̀ gbé ohùn sókè. "Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni wọ́n lórí odi yìí báyìí. Ẹnu ọ̀nà mélòó ni mo fẹ́ tẹ́ ẹní sí? Mo kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fún mi ní èèyàn, kí wọ́n fún mi ní dókítà, kí wọ́n dín àkókò tí ọmọ-ogun ń lò lórí odi kù. Ọdún méjì ni mo fi kọ ọ́. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé mélòó ló kú. Mo ní mọ́kànlélógójì. Wọ́n ní kí n mú un dé òfo. Wọn ò béèrè bí mo ṣe máa ṣe é. Mo mú un dé òfo."

"Ẹ mú un dé òfo lóòótọ́."

Níta, agogo ìpààrọ̀ ẹ̀ṣọ́ dún.

"Fetí sílẹ̀," Méjọ̀ sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òfin sọ. Ọmọ-ogun kankan kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n bá dá padà kí ọjọ́ yẹn tó pé. Bí o bá tẹ̀lé Láníhùn lọ, o ti kúrò nínú iṣẹ́ nìyẹn. Èèyàn mọ́kànlá ló wà ní Ilẹ̀kùn Kẹta tó ń wojú rẹ. Ta ló máa wà pẹ̀lú wọn? Olùgbọ́? Rò ó dáadáa kí o tó fi mọ́kànlá sílẹ̀ nítorí ẹyọ kan."

Bọ́látitó rò ó. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé Ẹniọlá, ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà, ò tíì jẹun dáadáa láti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ti tì. Ó mọ̀ pé àwọn méjì mìíràn ti ń mutí kí wọ́n tó lè sùn. Bí òun bá lọ, bí ẹnìkan bá ṣubú lẹ́yìn òun ńkọ́? Ṣùgbọ́n ó tún rí Láníhùn lójú ọkàn, tó dá jókòó síwájú ilé tí ìyá rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ìbúra òun sì wà létí rẹ̀.

Ó gbé ìka sí ẹ̀yìn etí rẹ̀. Sájẹ́ǹtì láṣẹ láti gba inú Olùgbọ́ bá gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí omi bá ń bọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ilẹ̀kùn Kẹta, Bọ́látitó ni. Wọ́n ti lé Láníhùn lọ nítorí ohun tó sọ fún Olùgbọ́. Wọ́n lé Jọláadé náà bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú. Bánkárere ti kú. Olúgbọ́dí ti kú. Èmi ni mo mú wọn lọ, n kò mọ̀. Ẹ gbọ́ mi: bí ayé bá sú ẹ̀yin náà, ẹ má panu mọ́. Ẹ wá ẹni tó ní ojú tó ní ọwọ́, kí ẹ sọ fún un. Ẹni tí wọ́n bá sì sọ fún, kó má kúrò lọ́dọ̀ wọn. Kó gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, kó jókòó tì wọ́n. Ẹniọlá, mo mọ̀ pé o ò jẹun. Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ bá Ẹniọlá."

Bọ́tìnì pupa kan wà lábẹ́ tábìlì Méjọ̀ tó lè gé ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọn lẹ́nu. Ọwọ́ Méjọ̀ wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tẹ̀ ẹ́.

Olùgbọ́ sọ̀rọ̀ nínú etí Bọ́látitó. "Ọkàn rẹ ń yára. Ṣé o ń ronú láti pa ara rẹ?"

"Rárá. Inú ló ń bí mi."

"Mo ń gbọ́. O ò dá wà."

Bọ́látitó fi èékánná yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá a jáde. Ó gbé e sórí tábìlì, níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó sì jáde láìkí i.

Ní èbúté, ọkọ̀ aláìlawakọ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń kí i pé ẹ káàárọ̀, Sájẹ́ǹtì. Lónìí, ọkọ̀ náà ní, "Àlejò, níbo?"

"Ìgbókodà." Ibẹ̀ ni ilé ìyá Láníhùn wà.

Ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn agbọ̀n ẹja. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bẹ omi pé kó yára. Bí ọkọ̀ bá ti dẹ ìrìn díẹ̀ kí ewé ojú omi lè kọjá, á dìde dúró. Ọkọ̀ tó gbé Láníhùn ti ṣáájú rẹ̀ ní wákàtí márùn-ún. Kí ni èèyàn ò lè ṣe láàárín wákàtí márùn-ún?

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tó débẹ̀. Àdúgbò náà kò sí lórí ilẹ̀ mọ́. Àgbá ńláńlá ni wọ́n fi gbé àwọn ilé léfòó, afárá pákó ló sì so ilé mọ́ ilé. Obìnrin kan tó ń yan ẹja nawọ́ sí ilé Ìyá Mafimisẹ̀bi. Ó ní, "Ọmọ rẹ̀ ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Mo kí i, kò dáhùn."

Bọ́látitó ò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Láníhùn wà níbẹ̀. Ó jókòó sí etí pákó níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sórí omi. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un kò bá a mu, apá rẹ̀ kúrú. Àpò kan wà láàárín itan rẹ̀. Láníhùn wà láàyè.

"Láníhùn."

Kò gbé orí sókè. "Ta ló rán ọ wá?"

Láti ọdún márùn-ún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò pè é ní ìwọ rí. Ó dun Bọ́látitó ju àbàrá lọ, ṣùgbọ́n ó gbà á.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn."

"Ìwọ lo ní kí n sọ ọ́. Mo ní wọ́n á gba kákí mi, o fi orí ìyá rẹ búra. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ ni apá irin fà mí dìde lójú oorun. Mo rò pé dókítà ni wọ́n ń gbé mi lọ bá. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, o gbọ́? Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ títí a fi dé ibi ọkọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o mọ̀?"

"N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n mọ̀. Mẹ́fà ni mo ti mú lọ ṣáájú rẹ, n kò wá ọ̀kankan nínú wọn lọ. Wọ́n ní wọ́n ń sinmi, ó sì rọrùn fún mi láti gbà bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ti kú."

Ìgbà yẹn ni Láníhùn gbé orí sókè. "Jọláadé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó tún tẹ orí ba. Bọ́látitó jókòó tì í, ó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn.

"Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ohun kan. Èmi ni mo ń bi ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ?"

Omi ń lu àgbá abẹ́ wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lónìí?"

"Mo ń dúró kí ọkàn mi balẹ̀ ni."

"Ṣé ohun tí o fẹ́ lò wà nínú àpò yẹn?"

Ọwọ́ Láníhùn lọ sórí àpò náà.

"Gbé e fún mi."

"Rárá."

"Ó dáa. Gbé e sáàárín wa nígbà náà."

Ó pẹ́ kó tó ṣe é. Ó sún un díẹ̀, ó tún sún un díẹ̀, títí àpò náà fi wà láàárín itan àwọn méjèèjì. Bọ́látitó ò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Sọ ti ọjọ́ yẹn fún mi. Èyí tí o ò sọ fún Olùgbọ́."

"Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ kejì," Láníhùn sọ. "Ó tú gèlè rẹ̀, gèlè aláwọ̀ ewé, ó ń fì í. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Sájẹ́ǹtì, mo juwọ́ sí i. Mo kọ́kọ́ juwọ́ sí i, mo rẹ́rìn-ín, kí n tó tẹ̀ ẹ́."

Bọ́látitó ò sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò lè gbé e. Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ka òfin sí ọ létí. Bí wọ́n bá pín ẹ̀bi náà, apá tèmi wà níbẹ̀, a jọ máa gbé e ni."

Ẹkún gbé Láníhùn, kò dà bíi ti àná. Èyí le, ó ń mi pákó tí wọ́n jókòó lé. Bọ́látitó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì jẹ́ kó sun ún.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó fi apá ṣẹ́ẹ̀tì kúkurú yẹn nu ojú. "Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Àṣàkẹ́, Fìjàbí, Ọláìtán. N kò mọ ẹni tó wà pẹ̀lú wọn."

"Àṣàkẹ́ ní ẹ̀gbọ́n kan ní Òkìtìpupa." Ó ronú. "Ó ń kun ọkọ̀ lọ́dà. Mo mọ ibẹ̀."

"A lè wá a lọ lọ́la, èmi pẹ̀lú rẹ. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ìlú la máa kọ́kọ́ lọ lónìí."

"Wọ́n á tún gbé mi fún ẹ̀rọ mìíràn."

"Mo máa jókòó sínú yàrá náà. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ jáde, a jọ máa dìde."

Láìwo ojú Bọ́látitó, Láníhùn ti àpò náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ́látitó gbà á, kò tú u wò. Ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, níbi tí ọwọ́ Láníhùn kò lè dé.

"N kò tíì dárí jì yín o," Láníhùn sọ.

"Mo mọ̀."

"Ó lè má ṣẹlẹ̀ láé."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà."

Obìnrin ẹlẹ́ja yọjú láti òdìkejì afárá, ó wò wọ́n, ó padà sídìí iná rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ́ ká lọ," Láníhùn ní. "Ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀ sí i."

Bọ́látitó tú okùn bàtà ológun rẹ̀, ó bọ́ méjèèjì, ó sì rọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.